Ẹnu Ta Ni Ìtàn Ti Jáde? Èdè àti Òye Wa Nípa Àná



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí dá lórí èdè àti ìtàn. Ibi ìkọ́ṣẹ́ wa ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọ awo lẹ́sẹ̀ ọ̀gá wa, bàbá kì í jẹ́ kí a fo ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ Ifá. Ọmọdé a máa sáré. Ibi tí ìtàn ti dùn ni ó ń fẹ́ dé. Bí a bá ti fo orúkọ awo tó dífá, tí a kó sí àárín ìtàn, bàbá á gbé ìrọ́kẹ́ sílẹ̀, á ní, "Ta ló dá a? Ta ni wọ́n dá a fún? Kí ni wọ́n ní kó ṣe, kí ló sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ?" Bí a kò bá lè dáhùn, a ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lójú wa nígbà náà, ìyà lásán ni bàbá ń fi jẹ wá. Ìgbà tí a dàgbà ni ó tó yé wa pé ẹ̀kọ́ ìtàn ni ó ń kọ́ wa. Ìtàn tí kò bá sọ ẹni tó pa á, tí kò sì sọ ẹni tí a pa á fún, ìtàn tí kò ní ẹlẹ́rìí ni.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta tí bàbá máa ń bi wá yẹn ni a fẹ́ gbé ka iwájú yín. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni ìtàn. Ọ̀rọ̀ tí a fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ a máa pinnu ohun tí ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la yóò rí àti ohun tí kò ní rí.

Ta ló dá a?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ tí a jókòó lé. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ìtàn tí àwọn àgbà Àwórì ń pa fún ọmọ wọn ni pé Olófin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo kan lé ojú omi, ó sì ń tẹ̀ lé e títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí, létí odò Ògùn. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè àwo, èsì tó fún wọn ni pé àwo ti rì. Láti inú èsì yẹn ni orúkọ Àwórì ti jáde. Ẹ wo ohun tí wọ́n kó pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo: ìrìn àjò, ọ̀nà omi tí wọ́n gbà, àti ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti dúró. Ẹni tó gbọ́ èdè náà kò nílò ìwé kó tó mọ̀ pé ọmọ etí omi ni àwọn ènìyàn yìí.

Láti Ìṣẹrí, ìtàn gbé àwọn kan dé Ìdó àti Èbúté Mẹ́ta kí wọ́n tó kọjá sí erékùṣù tí à ń pè ní Èkó. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di mẹ́ta. Àwọn ará Bìní sọ pé Ọba Orhogbua kó ogun wá pàgọ́ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àti pé ibùdó ni èkó ń jẹ́ ní èdè tiwọn. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí oko, nítorí oko ata Arómirẹ́ ni ó wà níbi tí ààfin wà lónìí. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ààfin náà ní Ìgà Ìdúnganran, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí ààfin tí a kọ́ sórí oko ata. Àwọn Potogí dé ní tiwọn, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Lagos, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ọ̀sà àti adágún omi ní èdè wọn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwọ̀n. Ẹni tó pè é ní ibùdó ń rí jagunjagun. Ẹni tó pè é ní oko ń rí àgbẹ̀. Ẹni tó pè é ní ọ̀sà kò rí ènìyàn kankan níbẹ̀. Omi ló rí. Ilẹ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orúkọ kọ̀ọ̀kan, ibi tí yóò parí sí kò ní jẹ́ ọ̀kan náà, ẹni tí yóò sì pè ní onílẹ̀ kò ní jẹ́ ẹnì kan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ orúkọ Èkó kì í fi í ṣe eré láàárín àwọn ìdílé ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní ìlú náà.

Orúkọ gbogbo wa pàápàá, èyíinì ni Yorùbá, kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ fi pe ara wa. Ahmad Baba, onímọ̀ Mùsùlùmí ní Timbuktu, mẹ́nu bà á nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1615. Ọ̀yọ́ ni àwọn Haúsá fi orúkọ náà ń pè. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú dé Freetown ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí pé "ẹ kú" ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ní Cuba, wọ́n di Lukumí. Ní Brazil àti ní ilẹ̀ Benin, wọ́n di Nàgó. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ náà Yorùbá nìkan nínú ìwé àtijọ́, tí kò rí i, lè sọ pé a kò sí níbẹ̀. A wà níbẹ̀. Ẹ̀gbá ni à ń jẹ́, Ìjẹ̀bú ni à ń jẹ́, Èkìtì àti Àwórì ni à ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kìlọ̀ fún ara wa náà níbí yìí. Babaláwo tó bá gbọ́ orúkọ Ìjánikin, ikin ni etí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bí a bá jẹ́ kí inú wa dùn jù, a lè ṣẹ̀dá ìtàn kalẹ̀ lónìí pé babaláwo ló tẹ ìlú náà dó. A kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró ọ̀rọ̀ nìkan kò tó láti fi dájọ́ ìtàn. Àwọn àgbà ìlú ni wọ́n ni ìtàn ìlú wọn, ẹnu wọn ni a sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Ohun tí a kò fẹ́ kí àlejò fi ṣe wá, àwa náà kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹlòmíràn.

Ta ni wọ́n dá a fún?

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé kan tó fi Èkó sábẹ́ Ọbabìnrin Victoria. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọkọ̀ ogun òyìnbó sì wà lórí omi lọ́jọ́ náà. Nínú ìwé yẹn, Docemo ni wọ́n kọ orúkọ ọba sí. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Ẹni tí kò lè pe orúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò jọ ẹni tó ń kọ̀wé kí onítọ̀hún lè kà á.

Ìjàngbọ̀n tó wà nínú rẹ̀ ju ti orúkọ lọ. Lédè òyìnbó ìgbà náà, bí ọba bá fi ilẹ̀ tọrẹ, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ní tiwa, ọba kọ́ ni ó ni ilẹ̀ Èkó. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, tí wọ́n jẹ́ ìran Olófin, ni ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, àwọn náà sì ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹbí ni: fún àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí a kò tíì bí. Bí onílẹ̀ bá fún àlejò ní ilẹ̀, àyè ló fún un láti gbé àti láti dáko. Ìṣákọ́lẹ̀ tí àlejò ń san ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ ṣì ní olówó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "fún", ni ẹnu méjì ń pè, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì bára mu.

Ọgọ́ta ọdún ni ó gbà kí ọ̀rọ̀ yìí tó lójú. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ilé ẹjọ́ níbí sọ pé kò ní ohun tó ju àṣẹ àbójútó lórí ilẹ̀ náà lọ. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní London. Herbert Macaulay sì bá a rìn lọ ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, wọ́n dá a láre. Ilẹ̀, wọ́n ní, ti àwùjọ ni, olóyè ló dúró fún àwùjọ. Ìwé 1861 kò sì gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ohun tó wú wa lórí jù nínú ìdájọ́ náà ni ìkìlọ̀ tí adájọ́ Haldane fi síbẹ̀. Ó sọ pé bí a bá ń wádìí bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe ni ilẹ̀, kí a ṣọ́ra, nítorí pé ènìyàn lè máa fi ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan túmọ̀ rẹ̀ láìfura. Láìfura ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣì wá túmọ̀ lè má jẹ́ ọ̀tá wa rárá. Èdè tó gbé wá ni ó kó o ṣìnà, nítorí pé àpótí tó wà nínú èdè náà kò gba ẹrù wa. Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìba àti Ìjánikin, tí ẹ ń gbé lórí ilẹ̀ tí ẹjọ́ kì í tán lórí rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán ni a ń sọ.

Kí ló ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Ọ̀nà tó gba ìwájú ìlú yìí kọjá ni à ń gbà lọ sí Àgbádárìgì. Ẹrú tó gba ibẹ̀ jáde kò níye. Ibẹ̀ náà ni Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1845 nígbà tó ń bọ̀ wálé. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì dàgbà ní Freetown. Ní 1843 ló ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. A kò ní kó ẹ̀gàn bá a. Ó mọ èdè, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì kó ọ̀pọ̀ òwe tí ìbá ti sọnù pamọ́ sínú ìwé. Nínú kíkọ̀wé Yorùbá, gbogbo wa jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pín ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì. Ọlọ́run àti Olódùmarè ni wọ́n fi pe Ẹlẹ́dàá. Wọ́n lo ẹbọ fún ẹbọ inú Bíbélì. Nígbà tó kan ẹni tí ń rúbọ, wọn kò pè é ní babaláwo, wọn kò pè é ní àwòrò. Àlùfáà ni wọ́n pè é. Wòlíì ni wọ́n pe aríran wọn, àdúrà ni wọ́n pe ẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti yá wọn. Ẹlẹ́dàá wa dára lójú wọn, ẹbọ wa wúlò fún wọn, àmọ́ àwa tí ń rú u ni kò sí àyè fún. Nígbà tí wọ́n wá ń wá orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni wọ́n mú.

Ẹ̀yin awo mọ ẹni tí Èṣù í ṣe. Ojú tí a gbẹ́ sí ọpọ́n Ifá, tí ń wo babaláwo bó ti ń tẹ Ifá, ojú rẹ̀ ni. Òun ni òjíṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ, òun ni ó dúró sí oríta, tí ń wo ẹni tó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe àti ẹni tó kọtí ikún. Ó le, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò bá Olódùmarè jagun rí. Iṣẹ́ Olódùmarè ló ń jẹ́. E. Bolaji Idowu, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, sọ ọ́ nínú ìwé tó kọ nípa Olódùmarè ní ọdún 1962 pé Èṣù wa kì í ṣe èṣù inú Májẹ̀mú Tuntun. Ọmọ ìjọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe babaláwo tí ń gbèjà ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yí. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ kan yẹn, ọmọ tó bá ka ìtàn baba ńlá rẹ̀ lónìí, tó rí i pé wọ́n ń bọ Èṣù, yóò parí èrò síbẹ̀. Kò ní béèrè mọ́ nípa ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó, òfin tí wọ́n ṣe, ewé tí wọ́n mọ̀, ìlérí tí wọ́n bára wọn ṣe. Kò sí ẹni tí í wá ọgbọ́n lọ́dọ̀ Sátánì.

A rí i lójú ara wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè wá sílé olóògbé kan ní agbègbè yìí, àgbà awo tí a jọ ń pàdé ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá. Wọ́n ti sin ín tán kí a tó dé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé àpò kan jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó nà án sí wa bí ẹni gbé ejò dání. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bá mi kó ẹrù èṣù yìí lọ." A kò bá a jà. A ṣí àpò náà: ikin mẹ́rìndínlógún pé, ọ̀pẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀, ìrọ́kẹ́ baba baba rẹ̀ wà níbẹ̀. A kó wọn, a sì ń tọ́jú wọn.

Kò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ tí ọmọ náà fi wá kí wa. Ẹjọ́ ilẹ̀ ti wọlé ẹbí wọn. Agbẹjọ́rò ní kí ó wá ẹni tó lè sọ bí baba ńlá wọn ṣe gba ilẹ̀ náà, ẹni tó fún un, àti ohun tí wọ́n fi ṣe ààlà. Ó bi wá bóyá bàbá òun sọ ọ́ fún wa rí. A mọ díẹ̀, a sọ ọ́. Èyí tó pọ̀ jù wà nínú oríkì ìdílé tí bàbá rẹ̀ máa ń kì ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lẹ́yìn ìbà, tí kò sí ọmọ kankan tó jókòó tì í láti gbọ́, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé èṣù ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀. Ó jókòó pẹ́ kí ó tó dìde. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kí a jẹ́ kí òun wo ìrọ́kẹ́ náà. A fi hàn án. Ó gbé e lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì dá a padà fún wa.

Iṣẹ́ tó kù

A kò sọ èyí láti dá ẹlẹ́sìn mìíràn lẹ́bi. Ọwọ́ wa náà kò mọ́. Kèfèrí, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ń tọ́ka sí ẹni tó kọ òtítọ́, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà wa tó fi ń pe ara rẹ̀ pé, "Kèfèrí ni mo jẹ́ ní tèmi." Abọgibọ̀pẹ̀, a gbà á, a ń jẹ́ ẹ. Bí ènìyàn bá fi orúkọ tí ọ̀tá sọ ọ́ pe ara rẹ̀, ta ni yóò bá a yí i padà? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí àwọn orúkọ yìí wò kì í ṣe ilé wa.

Orúkọ ṣeé gbà padà. Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá mọ́ àwọn ohun ìní àtàtà tí ọmọ ènìyàn ń fẹnu jogún láti ìran dé ìran. Ifá ni wọ́n pè é, wọn kò wá orúkọ òyìnbó fún un. Ní ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ìṣẹ̀ṣe náà ni wọ́n kọ sínú ìkéde. Àwọn ọ̀dọ́ wa, nílé àti lẹ́yìn odi, ń polongo pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. A gbóríyìn fún wọn.

Ṣùgbọ́n ìpolongo nìkan kò tó. Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ mú lọ sílé lọ́dún yìí. Èkíní, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè mìíràn, ẹ fi Èṣù sílẹ̀ ní Èṣù, ẹ fi òrìṣà sílẹ̀ ní òrìṣà, kí ẹ sì ṣàlàyé. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Èkejì, kí olúkúlùkù yín jókòó ti àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí ó gba oríkì ìdílé sílẹ̀ sínú fóònù tàbí sínú ìwé, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tó kì í, ọjọ́ tó kì í àti ibi tó ti kì í. Ẹ̀kẹta, bí ẹnikẹ́ni bá pa ìtàn fún yín, ìbáà jẹ́ àwa, ìbáà jẹ́ ìwé, ìbáà jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í bí ọ̀gá wa ṣe máa ń bi wá: ta ló dá a, ta ni wọ́n dá a fún, kí ló ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Ìrọ́kẹ́ olóògbé náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gbà á, yóò bá a níbẹ̀, a ó sì kọ́ ọ ní ìwọ̀nba tí a mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ.

Ifá á gbè wá o. Ọdún á yabo. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.